Xterra tí wọ́n ti gbé sókè: báwo ni mo ṣe lè mú un rọ̀ fún ìrìn ojoojúmọ́?

Ọmọ_Ganmọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ra Xterra tòkúnbọ̀ kan láìpẹ́ yìí, jíìpù Nissan ti ọdún 2007. Ẹni tó lò ó l'Ámẹ́ríkà fẹ́ràn igbó ju títì lọ. Ó gbé e sókè níwájú àti lẹ́yìn, ó de táyà ńlá onípalapàlà sí i (285/75R16), ó fi bọ́ńpà irin síwájú, ó sì gbé agbọ̀n irin ka orí rẹ̀. Bí mo bá páàkì sí Challenge, àwọn ọmọ a máa dúró ya fọ́tò.

Ìrìn rẹ̀ ni ìṣòro. Ganmọ ni mo ń gbé, Táńkẹ́ ni ibi iṣẹ́ mi, lójoojúmọ́ ni mo ń lọ tí mo ń bọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ bá parí, mo máa ń lọ sí oko ẹ̀gẹ́ wa lẹ́yìn Ìgbàjà, ọ̀nà amọ̀ pupa tí òjò ti gbẹ́ kòtò sí. Lóko, mọ́tò yìí kò ní ẹgbẹ́. Lórí títì, kò sí gálọ́ọ̀pù tí ẹ̀yìn mi kò mọ̀. Bí mo bá ti kọjá 80, n kì í gbọ́ ohun tí rédíò ń sọ mọ́ nítorí ariwo táyà. Ìyá mi kò lè gòkè sínú rẹ̀ àfi kí a gbé àpótí sílẹ̀ fún wọn. Lóòótọ́ ẹṣin leégún ilé wa l'Ìlọrin, ṣùgbọ́n n kò ra mọ́tò kí n lè máa fò lórí rẹ̀ bí ẹni tó ń gẹṣin.

Mẹkáníìkì mi ní kí n ra ṣọ́kì tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. N kò fẹ́ tà á, torí oko. Ìtura ni mo ń wá. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Alhaji_Pakata

Tà á, kí o ra Highlander. Ọ̀rọ̀ mi kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ara Highlander àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Xterra, orí ṣásí ni wọ́n gbé ara rẹ̀ lé bíi ti Hilux, sípíríǹgì aléwé, ìyẹn ewé irin tí wọ́n tò lé ara wọn, sì ni wọ́n fi sẹ́yìn rẹ̀. Iye yòówù kí o ná lé e, kò ní rìn bí mọ́tò tí wọ́n ṣe fún títì láti ilé.

Ọmọ_Ganmọ

Alhaji, ẹ ṣeun, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọ̀nà oko wa ní oṣù kẹsàn-án, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ní kí n má gbé Highlander débẹ̀.

Mẹ́kà_GáàAkànbí

Ọmọ_Ganmọ, ẹ má tíì ra ṣọ́kì kankan. Mo mọ̀ pé mẹkáníìkì ẹlẹgbẹ́ mi ni mo ń ta kò, ẹ má bínú. Ohun tó fara kan ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: táyà, àti atẹ́gùn inú rẹ̀.

Ẹ lọ ka ara táyà yẹn dáadáa. Bí ẹ bá rí LT níwájú nọ́ńbà náà, tí ẹ sì rí lẹ́tà E, táyà akẹ́rù ni, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní 10 ply. Ó lè gba atẹ́gùn tó 80 psi kí agbára rẹ̀ tó dópin, torí náà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn, kì í tẹ̀ bọ̀rọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ lè fi nǹkan bíi kìlógírámù 8 wúwo ju 265/70R16 lásán tó yẹ mọ́tò yẹn. Ìwúwo náà kò sì sí lórí sípíríǹgì, abẹ́ rẹ̀ ló wà. Bí táyà bá já sínú kòtò, sípíríǹgì àti ṣọ́kì ló máa kó o níjàánu. Bó bá ṣe wúwo tó ni iṣẹ́ wọn ṣe máa pọ̀ tó, èyí tí wọn kò bá rí kó níjàánu ló ń bá yín lórí àga.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí atẹ́gùn. Àwọn fọ́kánáísà wa níbí, bí wọ́n bá ti rí jíìpù ńlá, 45 tàbí 50 ni wọ́n máa fún un, wọn kì í bèèrè. Nọ́ńbà ara táyà, òpin ohun tí táyà lè gbà ni, kì í ṣe ohun tí mọ́tò ń fẹ́. Ohun tí mọ́tò ń fẹ́ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ṣì kù: táyà tó bá mọ́tò wá ni bébà yẹn ń bá wí, tiyín sì ti yàtọ̀. Táyà LT máa ń fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i ju táyà lásán lọ kí ó tó lè gbé ẹrù kan náà. Nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti iye ara ilẹ̀kùn, ẹ fi díẹ̀ lé e, kí ẹ wá fi ẹfun tíṣà fa ìlà láti etí táyà kan dé etí kejì. Ẹ wà á lọ tààrà lórí títì tó tẹ́jú, kò ní jìnnà, kí ẹ sọ̀kalẹ̀ wò ó. Bí ó bá jẹ́ àárín nìkan ló parẹ́, atẹ́gùn ti pọ̀ jù. Bí etí méjèèjì bá parẹ́ tí àárín ṣẹ́ kù, ó kéré. Ibi tí gbogbo rẹ̀ bá ti parẹ́ dọ́gba ni kí ẹ fi sí.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ wọ̀n ọ́n o, kí mọ́tò tó rìn. Bí oòrùn ọ̀sán àti ìrìn bá ti mú atẹ́gùn gbóná, nọ́ńbà á ga, fọ́kánáísà á ní ó ti kún, kò sì tíì kún.

Ìyá_Ìbejì_Fátè

Ẹ ṣé, ọ̀gá Mẹ́kà. Mo fẹ́ fi kan kún un. Pathfinder 2008 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnì V6 kan náà, lítà 4.0, ló wà nínú rẹ̀ àti Xterra yín, ìsàlẹ̀ wọn náà sì bára tan. Ibi tí wọ́n ti yapa ni ẹ̀yìn: tèmi kì í ṣe aléwé, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń mì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti gun Xterra àbúrò mi rí, mo mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ìyá yín ló ká mi lára jù. Gíga tí ẹ fi kún mọ́tò yẹn, orúnkún àgbàlagbà ló ń san owó rẹ̀. Ẹ wá nǹkan ṣe sí ìyẹn kí ẹ tó máa ronú rédíò.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÒmùÀrán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè tèmi bọ ọ̀rọ̀ yìí. Hilux bàbá mi, bí wọ́n bá fẹ́ yí i nínú kọ́ńpáǹdì, á máa fà, á máa dún kó-kó lábẹ́, bíi pé ẹnì kan di táyà mú. Ṣé búṣìn, rọ́bà tó wà níbi tí irin abẹ́ mọ́tò ti so pọ̀, ló ti bàjẹ́ ni?

Ìyá_Ìbejì_Fátè

Àbúrò, kọ́kọ́ wo bóyá 4H, níbi tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń wọ́ mọ́tò, ni wọ́n fi í sí. Ó wọ́pọ̀ lásìkò òjò. Wọ́n á tì í sí 4H nítorí ẹrẹ̀, wọ́n á gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ dé orí títì. Bí mọ́tò bá yà, táyà iwájú máa ń rin ọ̀nà tó gùn ju tẹ̀yìn lọ. Bí 4H bá ti so wọ́n pọ̀, kò sí ibi tí ìyàtọ̀ yẹn máa gbà jáde lórí ilẹ̀ gbígbẹ, á wá máa fún inú jíà àti ṣáàfù pa. Lórí ẹrẹ̀ kò burú, torí táyà á yọ̀ díẹ̀, ara á tu ú. Lórí ọ̀dà, 2H, tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń ṣiṣẹ́, ni kí wọ́n máa lò.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÒmùÀrán

Ẹ ṣeun mà. 4H náà ni! Mo ti yí i padà, kò dún mọ́. Bàbá ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún.

Ọmọ_Ìjàkadì_Ọ̀fà

Bàbá ẹ yẹn ti pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọmọ_Ganmọ, èrò tèmi ni pé kí ẹ yọ gbogbo ohun tí ará Amẹ́ríkà yẹn fi gbé e sókè. Xterra ga láti ilé iṣẹ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń wa irú rẹ̀ láìgbé e sókè rárá, ìlú tí ẹ ò gbé kẹ̀kẹ́ dé ló ń gbé e lọ. Bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀, ìyá á lè gòkè, á dúró dáadáa bí ẹ bá ń ya kọ́nà, kò sì ní máa fì bí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ lójú ọ̀nà Ìdófìán.

Ìgbómìnà_Gidi

Kí ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀ tán o. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú ńlá, ọ̀dà lẹ mọ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà omi Òwù ní Ọ̀wá Kájọlà lásìkò òjò, tàbí tó ti gba ọ̀nà abúlé lẹ́yìn Ìgbàjà tí ọkọ̀ agégẹdú ti là sí méjì, á mọ̀ pé àárín ọ̀nà ló ń ga, ibi tí táyà ń gbà ló jìn. Ìdí mọ́tò ló ń wọ́lẹ̀ níbẹ̀. Gíga yẹn wúlò.

Ọmọ_Ìjàkadì_Ọ̀fà

Ẹ̀gbọ́n, ìgbà mélòó lẹ ń lọ omi Òwù lọ́dún? Ọkùnrin yìí ń lọ Táńkẹ́ lójoojúmọ́.

Ìgbómìnà_Gidi

Ó ní òun ń lọ oko ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ìwọ náà padà lọ kà á.

Mẹ́kà_GáàAkànbí

Ẹ má jà, ẹ̀yin méjèèjì jàre. Iwájú àti ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà nínú Xterra yìí.

Níwájú, sípíríǹgì onírìńgì ló wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi sí orí sípíríǹgì láti fi gbé e sókè, sípíríǹgì fúnra rẹ̀ kò le sí i. Wàhálà rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ kò ní àyè tó pọ̀ mọ́ láti bọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá kọjá gálọ́ọ̀pù, tí ẹsẹ̀ fẹ́ sọ̀kalẹ̀, á gbá òpin rẹ̀, ẹ ó gbọ́ gbàù. Bí irin náà bá tín-ín-rín, ẹ lè fi í sílẹ̀. Bí ó bá nípọn tí ó ń dún, ẹ yọ ọ́.

Ẹ̀yìn ni ìyà yín ti ń wá. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀: ó dá mi lójú pé ẹ máa rí ewé irin kan tó nípọn ju àwọn yòókù lọ, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí wọ́n fi gbé ẹ̀yìn sókè nìyẹn, ó sì wà fún ẹni tó ń ru ẹrù ìpàgọ́ sẹ́yìn mọ́tò lójoojúmọ́. Ẹ̀yin kò ru nǹkan kan, àyàfi ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Sípíríǹgì tí kò rí ẹrù tó tó o, kì í tẹ̀, gbogbo mọ́tò ló máa ń ta sókè. Ẹ yọ ewé yẹn kúrò. Ẹ̀yìn á wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́tò yìí máa ń ga lẹ́yìn ju iwájú lọ díẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó kàn dọ́gba ni.

Bí ewé bá ti wà nílẹ̀, kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ ká, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha ìpẹtà kúrò. Ewé tó ti dóògún kì í yọ̀ lórí ara wọn, á di bíi pé irin kan ṣoṣo ni. Àwọn kan máa ń fi girísì sí àárín wọn. Mi ò fara mọ́ ọn, torí girísì àti ekuru ọ̀nà Ìgbàjà nígbà ọyẹ́ á di ohun tí ń ha irin. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó le, tí wọ́n gé sí orí ewé kọ̀ọ̀kan, ló dára jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró gbọ́ èyí, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wa tí a ń ṣiṣẹ́ yìí ni kì í ṣe é dáadáa. Bí wọ́n bá fẹ́ de búṣìn tuntun, wọ́n á jáàkì mọ́tò, ẹsẹ̀ á máa rọ̀ dẹ̀dẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á de búṣìn, wọ́n á sì fún nọ́ọ̀tì pa níbẹ̀ kí wọ́n tó sọ mọ́tò kalẹ̀. Kò dára. Rọ́bà búṣìn kì í yípo lórí bóòtù. Irin àárín rẹ̀ dúró gbọin, ara rọ́bà ló ń lọ́ síwá sẹ́yìn. Bí ẹ bá fún un pa nígbà tí ẹsẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ní kété tí mọ́tò bá fi ìwúwo rẹ̀ lé e, rọ́bà ti lọ́ kí ẹ tó wà á kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Á máa ti mọ́tò sókè, á le, kò sì ní pẹ́ tí á fi ya. Oníbàárà á padà wá ní búṣìn tí a tà fún òun kò dáa. Ó dáa, ẹni tó fún un ni kò fún un dáa. Kí wọ́n fún un díẹ̀, kí wọ́n sọ mọ́tò kalẹ̀ sórí táyà, kí wọ́n mì ín, kí ẹnì kan wá wọ abẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ fún nọ́ọ̀tì pa. Bákan náà ni ti búṣìn àwọn ewé ẹ̀yìn. Ẹ dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é.

Bí gbogbo èyí bá parí, ẹ wá lọ ṣe aláìnmẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wo ṣọ́kì. Bí epo kò bá jò lára rẹ̀, tí ẹ tẹ igun mọ́tò sílẹ̀ tó gòkè padà tó sì dúró láìmì mọ́, owó yín ń bẹ lápò yín. Bí ẹ bá ní láti rà á, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ṣọ́kì ẹrù wúwo fún yín torí pé ó gbówó lórí. Irú èyí tó bá mọ́tò wá ni kí ẹ bèèrè.

Alhaji_Pakata

Mẹ́kà, o ṣeun. Mo ṣì dúró lórí Highlander, àmọ́ ọ̀rọ̀ búṣìn yẹn ye mi. Ìdí nìyẹn tí ti Camry mi fi ya láàárín oṣù díẹ̀.

Amúgbóhùn_Táíwò

Ariwo ni iṣẹ́ tèmi, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Rédíò ni mo ń de ní Táíwò, àwọn oníbàárà á ní kí n fún àwọn ní sípíkà ńlá torí wọn kò gbọ́ rédíò. Mo máa ń ní kí a kọ́kọ́ pa ariwo.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ariwo Xterra yìí ń gbà wọlé, ìkan sì ju ìkan lọ. Èyí tó pọ̀ jù ni táyà onípalapàlà, kò sí ohun tí mo lè lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn tó máa pa á tán. Ibi tí àwọn òkúta rọ́bà yẹn ti ń gbá ọ̀dà ni ó ti ń pariwo. Nígbà tí ó bá gbó, ẹ fi táyà A/T, èyí tó wà fún títì àti igbó pọ̀, rọ́pò rẹ̀. Èkejì ni agbọ̀n orí mọ́tò: ẹ tú àwọn irin ìdábùú rẹ̀ kúrò bí ẹ kò bá ru ẹrù, ẹ ó gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín Ganmọ àti Ìdófìán. Èkẹta ni irin ara mọ́tò fúnra rẹ̀, ó tẹ́lẹ́, ó ń gbọ̀n.

Irin yẹn ni mo lè ṣe nǹkan sí. Rọ́bà dúdú olójú fàdákà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn, kò sì yẹ kí ó bo gbogbo irin. Bí ó bá bo bí ìdámẹ́rin ojú irin kan, ní àárín rẹ̀ níbi tó ti ń gbọ̀n jù, ó tó. Ẹni tó bá ní kí ẹ bo gbogbo rẹ̀, owó rọ́bà ló ń wá. Ilẹ̀ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, orí táyà ẹ̀yìn àti ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ ṣe, kí ẹ fi fóòmù tí kì í fa omi lé e. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí àwọn ihò kékeré ìdí ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà jáde.

Ẹ má sì lo rọ́bà ọ̀dà tí wọ́n fi ń dí òrùlé ilé o! Àwọn kan ń tà á gẹ́gẹ́ bí ti mọ́tò torí pé ó dín owó. Bí ẹ bá páàkì sí oòrùn oṣù kẹta l'Ìlọrin, á yọ́, á rùn, á sì ṣàn sára ohun tó ń gbé gíláàsì lọ sókè sódò.

Ọmọ_Ìjàkadì_Ọ̀fà

Ti ooru ńkọ́? Wọ́n ní tíńtì ń ràn án lọ́wọ́.

Amúgbóhùn_Táíwò

Ó ń ràn án, pàápàá irú èyí tí kò dúdú ṣùgbọ́n tó ń dá ooru padà. Ṣùgbọ́n òfin tíńtì ti wà láti ọdún 1991, ẹ sì mọ ohun tí ọlọ́pàá lè fi ojú yín rí bí ìwé kò bá sí. Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ fọ ekuru kúrò lára kọ́ńdẹ́ńsà AC níwájú rédíétọ̀. Ekuru ọyẹ́ tó bá dì mọ́ ọn kì í jẹ́ kí AC tutù.

Mẹ́kà_GáàAkànbí

Ẹ ti dárúkọ rédíétọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó gbàgbé. Xterra, Pathfinder àti Frontier tí wọ́n ṣe láàárín 2005 sí 2010, inú rédíétọ̀ ni epo jíà ti ń tutù. Bí àlà tó wà láàárín epo àti omi bá là, omi á wọnú epo jíà, jíà á sì bàjẹ́. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ wọn. Ẹ fa ọ̀pá ìwọn epo jíà yọ, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti dà bí ohun tí wọ́n fi mílíìkì lù, ẹ má wà á mọ́. Bí ó bá mọ́, ẹ pààrọ̀ rédíétọ̀, tàbí kí ẹ de ohun ìtutù epo jíà lọ́tọ̀. Èyí ṣáájú fóòmù àti rọ́bà o.

Ìgbómìnà_Gidi

Ọ̀rọ̀ táyà kù síbì kan. Ọmọ_Ganmọ, ṣé ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà ojú sípídò yín kò péye mọ́? Gíga 265/70R16 jẹ́ mílímítà 777. Ti 285/75R16 jẹ́ 834. Bí ojú sípídò bá sọ pé 100, mọ́tò ti ń sá 107. 100 ni òpin tí òfin fún mọ́tò kékeré lórí ọ̀nà ńlá aláyè méjì, ẹ máa rántí bí ẹ bá ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́. Kìlómítà tí mọ́tò ń kà náà ń dín, torí náà bí ẹ bá ń ṣírò epo, kò jẹ ẹ́ tó bí ẹ ṣe rò. Ó ṣì ń jẹ ẹ́ ṣá.

Ọmọ_Ganmọ

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n jíṣẹ́.

Epo jíà mọ́ tónítóní, mo sì ti ní kí wọ́n bá mi wá rédíétọ̀ tuntun. Fọ́kánáísà ti fún un ní 50 lóòótọ́. Mo ṣe ti ẹfun, a dín in kù títí ìlà fi parẹ́ dọ́gba. Ìyẹn nìkan ti yí nǹkan padà, owó tí mo ná kò ju owó ẹfun lọ. A yọ ewé tó nípọn yẹn, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ gan-an bí ọ̀gá Mẹ́kà ṣe wí. A ha àwọn yòókù, a sì pààrọ̀ búṣìn ẹ̀yìn. Mo dúró ti mẹkáníìkì mi nígbà tó ń fún nọ́ọ̀tì. Inú rẹ̀ kò dùn sí i, àmọ́ ó wọ abẹ́ mọ́tò. Irin iwájú tín-ín-rín, mo fi í sílẹ̀ nítorí oko. Ìgbómìnà_Gidi, ẹ rí i pé mo gbọ́ tiyín náà.

Gálọ́ọ̀pù ọ̀nà Táńkẹ́ kò dùn mí mọ́. N kò ra ṣọ́kì.

Ohun méjì ló kù. Ẹnì kan ládùúgbò ní kí n kó àpò yanrìn sẹ́yìn kí ó lè rọ̀ sí i. Ṣé òótọ́ ni? Èkejì, láti ìgbà tí mo ti oko dé, sítíárìn ń gbọ̀n bí mo bá dé 70 sí 80. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Fátè

Ẹrẹ̀! Ẹ tẹ̀ ba, ẹ wo inú rímù, lápá tó kọjú sí abẹ́ mọ́tò. Amọ̀ pupa oko yín ti gbẹ síbẹ̀, ó sì wúwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn tó ń fọ mọ́tò kì í fọ ibẹ̀, ojú ìta tó ń dán ni wọ́n ń fọ̀. Ẹ fi omi alágbára fọ̀ ọ́ kí ẹ tó sanwó bálánsìn fún ẹnikẹ́ni.

Mẹ́kà_GáàAkànbí

Ó gbà á. Ti yanrìn: á rọ̀ lóòótọ́, torí sípíríǹgì ti rí ẹrù gbé. Ṣùgbọ́n ẹ ó máa ra epo fún yanrìn, bíréèkì á sì máa pẹ́ kó tó mú un dúró. Bí ẹ bá ní láti fa bíréèkì lójijì, àpò tí wọn kò dè á bá yín níwájú. Ẹ̀gẹ́ yín ni kí ẹ máa kó, ó kéré tán ẹ̀gẹ́ ń pawó.

Ọmọ_Ìjàkadì_Ọ̀fà

Nígbà tí ẹ bá máa pààrọ̀ táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tí wọ́n kọ sára táyà. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ojú táyà tòkúnbọ̀ lè dúdú kó sì ṣì jinlẹ̀, kí rọ́bà rẹ̀ ti gan. Táyà tó ti gan, le ló máa le, kò sí atẹ́gùn tí ẹ fún un tó máa rọ̀ ọ́.

Ọmọ_Ganmọ

Ẹrẹ̀ ni o! Odidi ìṣù amọ̀ ló jáde. Ó ti dúró jẹ́ẹ́.

Ó wá ku ìyá mi. Mo rí sítẹ́ẹ̀pù irin tí wọ́n ń tà, àwọn kan ní kí n ní kí wẹ́dà rọ ọ́ fún mi. Èwo ló dáa?

Ìyá_Ìbejì_Fátè

Èyí tó rí roboto tí wọ́n ń tà, ẹsẹ̀ àgbàlagbà máa ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe pẹlẹbẹ, kí ó fẹ̀ tó kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ gùn ún, kí ó sì ní ihò tí ẹrẹ̀ á máa gbà bọ́. Ẹ gbé ìyá lọ síbẹ̀, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e kí wẹ́dà tó jó o pa. Ìwọ̀n tiwọn ni kí ó lò, kì í ṣe tiyín. Ẹ wá ohun tí wọ́n máa dì mú náà sí òpó iwájú, torí bí ọwọ́ kò bá rí nǹkan dì mú, ẹsẹ̀ nìkan kò lè dá a ṣe.

Mẹ́kà_GáàAkànbí

Kí wẹ́dà má jó o mọ́ ìdí ilẹ̀kùn o, irin ibẹ̀ tẹ́lẹ́. Kí ó ṣe apá rẹ̀, kí ó fi bóòtù dè é mọ́ ṣásí, kí ẹ lè tú u bí ẹ bá ń lọ oko lásìkò òjò. Bí ó bá máa tan iná wẹ́dì nítòsí mọ́tò rárá, kí ó kọ́kọ́ tú orí bátìrì.

Ọmọ_Ganmọ

Ọjọ́ Sátidé ni a ń lọ bá wẹ́dà ní Sawmill. Ìyá ní àwọn á tẹ̀ lé wa, àwọn á sì mú bàtà tí àwọn ń wọ̀ lọ mọ́ṣáláṣí dání, pé òun ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Alhaji_Pakata

Ẹ bá mi kí wọn. Bí wẹ́dà yẹn bá mọṣẹ́, fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, géètì mi ti ya.